Ta Ni Ìlú Ń Kà Mọ́ Àwọn Ọmọ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí a sábà máa ń kà nínú ìwé ìsìn wa, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn lè fẹ́ ṣí ojú ewé yìí kọjá. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù bá mi kà á dé òpin, nítorí pé ẹ̀ṣẹ̀ tí èmi fúnra mi fẹ́ jẹ́wọ́ wà nínú rẹ̀, àwọn kan nínú yín sì ni ẹlẹ́rìí mi.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún tí ó kọjá, nígbà tí mo ń kó orúkọ jọ fún Ìsìn Ìrántí Àwọn Olóògbé, ìyá àgbàlagbà kan nínú ìjọ wa wọ inú ọ́fíìsì mi. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fún un ní àga. Ó ní, “Akọ̀wé, ọmọ mi, orúkọ kan ni mo mú wá.” Orúkọ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni, ẹni tí ó kú ní ìlú mìíràn ní àárín ọdún náà. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọ náà fi kọ báàsì nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Mo ṣí ìwé orúkọ ìjọ láti wo ọjọ́ tí ó ṣe ìrìbọmi. Mo rí orúkọ náà, mo sì rí ìlà pupa tí a fà gba orí rẹ̀ kọjá. Èmi ni mo fa ìlà náà.

Kí ni ó ṣe? Kò jalè, kò sì lu ẹnikẹ́ni. Ní ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, òfófó kan ń lọ láàárín wa pé ọkàn ọmọkùnrin náà kì í fà sí obìnrin, pé ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń fẹ́. Ẹnikẹ́ni kò pè é kí ó wá sọ ti ẹnu rẹ̀. Ìgbìmọ̀ kò jókòó lórí rẹ̀. Títí di òní olónìí n kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Nígbà tí kò wá sí ìpàdé akọrin mọ́, tí a sì gbọ́ pé ó ti kó kúrò ní ìlú, mo mú bírò pupa, mo fa ìlà. Òfin ìwé náà sì wà lójú ewé kìíní: a kò gbọdọ̀ yọ orúkọ ẹnikẹ́ni bí kò ṣe nípa ikú, tàbí nípa ìwé ìkúrò lọ sí ìjọ mìíràn, tàbí nípa ìpinnu ìgbìmọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnìkan rárá kí n tó dá a.

Ìyá náà kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ìlà túmọ̀ sí. Ó wo ojú ewé náà, ó wo ojú mi, ó ní, “Akọ̀wé, ṣé ẹ ti sin ín kí ó tó kú ni?”

N kò rí èsì fọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú: kí ni ó túmọ̀ sí pé kí àwùjọ kan ka ènìyàn mọ́ àwọn tirẹ̀? Bí ìlú tàbí ìjọ bá kọ orúkọ ẹnìkan sínú ìwé rẹ̀, ohun tí ó ń wí ha ni pé gbogbo ìwà ẹni náà tọ́ lójú òun bí? Tàbí ohun mìíràn ni ó ń wí?

Nígbà tí mo ń rò ó ni mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ìtàn ìlú Amsterdam ní ilẹ̀ Họ́lándì, nítorí pé ìlú náà ti dáhùn ìbéèrè yìí ní gbangba. Ó dáhùn rẹ̀ lórí àwọn ọkùnrin tí ń fẹ́ ọkùnrin, àwọn obìnrin tí ń fẹ́ obìnrin, àti àwọn tí wọ́n mọ ara wọn ní akọ tàbí abo lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí bí a ti kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí a bí wọn. Àwọn òyìnbó kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ lẹ́tà márùn-ún, LGBTQ. Ìlú kan náà tí ó ti pa irú wọn rí ni ó wá kà wọ́n mọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé bí ó ti rí.

Ní ọdún 1730, ilé-ẹjọ́ ìlú Amsterdam dájọ́ ikú fún àwọn ọkùnrin kan nítorí ọ̀ràn yìí. A fún àwọn kan lọ́rùn pa, a sì tẹ àwọn mìíràn rì sínú àgbá omi. Ní 1811, nígbà tí Họ́lándì wà lábẹ́ Faransé, òfin Faransé mú ìjìyà kúrò lórí àwọn àgbàlagbà. Ṣùgbọ́n pé òfin kò pani mọ́ kò wí pé ó ti mọni. Ní 1911 a ṣe òfin mìíràn. Láàárín ọkùnrin àti obìnrin, ẹni tí ó bá ti tó ọmọ ọdún 16 ti kúrò ní ọmọdé lójú òfin. Láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin, tàbí obìnrin àti obìnrin, àfi bí ó bá tó ọmọ ọdún 21. Ọgọ́ta ọdún ni òfin náà fi wà. 1971 ni a tó pa á rẹ́.

Láàárín àkókò yìí ni ogun dé. Jámánì ṣígun wọ Họ́lándì ní 1940. Ẹ gbọ́ ibi tí ìtàn náà ti kan iṣẹ́ tèmi gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ìwé orúkọ gbogbo ará Amsterdam wà nínú ilé kan ní òpópónà Plantage Kerklaan. Àwọn akọ̀wé ìlú ti kọ ọ́ dáradára: orúkọ, ilé tí ènìyàn ń gbé, ẹ̀sìn rẹ̀. Ta ni yóò rò pé ibi wà nínú èyí? Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn Násì gba ìlú, ìwé kan náà ni wọ́n fi ń wá àwọn Júù kiri láti ilé dé ilé. Ní òru ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1943, àwọn ènìyàn díẹ̀ wọ aṣọ ọlọ́pàá, wọ́n wọ inú ilé náà, wọ́n sì fi àdó olóró àti iná sí i láti ba ìwé náà jẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe olórí wọn ni Willem Arondeus, ayàwòrán àti òǹkọ̀wé, ọkùnrin tí kò fi pamọ́ pé ọkùnrin ni òun ń fẹ́. Frieda Belinfante, obìnrin olórin tí òun náà ń fẹ́ obìnrin, wà lára àwọn tí ó pète rẹ̀. Obìnrin náà sá àsálà. Ṣùgbọ́n a mú Arondeus, a sì yìnbọn pa òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún náà. Kí ó tó kú, ó rán agbẹjọ́rò rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí ayé mọ̀ pé irú ọkùnrin bí òun kì í ṣe ojo. Ìjọba bọlá fún un lẹ́yìn ogun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó rán yìí, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí gbogbo ènìyàn tó gbọ́ ọ. Ní 1986 ni Yad Vashem, ilé ìrántí àwọn Júù ní Jerúsálẹ́mù, kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn olódodo tí wọ́n gbèjà àwọn Júù nígbà ìpọ́njú wọn.

Ẹ̀yin ará, mo ka ibí yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwé kan wà tí a fi ń kọ orúkọ ènìyàn láti rí i mú. Ìwé kan sì wà tí a fi ń kọ ọ́ kí ó má baà sọnù. Tádàwà kan náà ni a fi ń kọ méjèèjì. Ó di ọ̀ranyàn fún ẹnikẹ́ni tí ó di bírò ìlú tàbí ti ìjọ mú láti bi ara rẹ̀ léèrè èwo ni òun ń kọ.

Àwọn Násì kò dá irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ sí ní ilẹ̀ Jámánì tìkára rẹ̀. Nínú àwọn àgọ́ ìfìyàjẹni, bí àwọn Júù ti ń gbé ìràwọ̀ aláwọ̀ ìyeyè sára, bẹ́ẹ̀ ni a ń rán aṣọ píńkì onígun mẹ́ta mọ́ àyà àwọn wọ̀nyí. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé láàárín 5,000 sí 15,000 ni a kó lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò sì padà wálé. Nígbà tí ogun parí, òfin tí a fi mú wọn ṣì wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Jámánì bí àwọn Násì ti fi í sílẹ̀, títí di 1969. Nítorí náà ẹni tí ó yè kò lè jáde wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Bí ó bá sọ ọ́, ẹ̀wọ̀n tún ń dúró dè é.

Nísinsin yìí, ẹ padà bá mi wá sí Amsterdam. Ní 1956 a ṣí òkúta ìrántí ńlá kan ní gbàgede Dam fún àwọn tí ó kú nínú ogun. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, ní agogo mẹ́jọ alẹ́, gbogbo orílẹ̀-èdè a dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì, a sì fi òdòdó síbẹ̀. Ní 1970, àwọn ọ̀dọ́ kan gbé òdòdó elésè àlùkò wá láti fi rántí àwọn onígun mẹ́ta píńkì. Àwọn ọlọ́pàá mú wọn, wọ́n sì gbé òdòdó náà kúrò, a ní ìtìjú ni. Ẹ rò ó wò. Wọn kò bèèrè owó, wọn kò bèèrè ipò, wọn kò tilẹ̀ bèèrè ìgbéyàwó ní ọjọ́ náà. Òkú ni wọ́n wá sun ẹkún rẹ̀, a sì ní kí wọ́n gbé ẹkún wọn lọ. Ohun tí ìyá yẹn bá pàdé nínú ọ́fíìsì mi nìyẹn.

Ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, a ṣí òkúta ìrántí mìíràn ní ìlú náà, èyí tí wọ́n ń pè ní Homomonument. Karin Daan ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Westerkerk ni ó wà, ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí a ti ń sìn nínú rẹ̀ láti 1631. Òkúta píńkì mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan onígun mẹ́ta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì para pọ̀ di onígun mẹ́ta ńlá kan. Ọ̀kan ga sókè bí ìjókòó. Ọ̀kan tẹ́ bákan náà pẹ̀lú ilẹ̀, igun rẹ̀ sì kọjú sí ilé tí Anne Frank, ọmọbìnrin Júù nì, ti sá pamọ́ kí a tó mú un ní 1944. Ẹ̀kẹta jẹ́ àtẹ̀gùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi Keizersgracht, igun rẹ̀ sì kọjú sí gbàgede Dam, níbi tí a ti kọ òdòdó wọn. Lórí àtẹ̀gùn yìí ni àwọn ènìyàn ń fi òdòdó sí títí di òní, ọlọ́pàá kankan kì í sì í gbé e kúrò.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2001, bí agogo méjìlá òru ti kọjá, Méyọ̀ ìlú náà, Job Cohen, so tọkọtaya mẹ́rin pọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú: mẹ́ta jẹ́ ọkùnrin àti ọkùnrin, ọ̀kan jẹ́ obìnrin àti obìnrin. Ní gbogbo ayé, ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin ilẹ̀ kan.

Ó yẹ kí a bèèrè nísinsin yìí: kí ni ìlú náà wí nígbà tí ó ṣe èyí, kí ni kò sì wí?

Èkínní, kò fi ìwé ẹ̀rí ìwà mímọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìwé ìlú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọ̀mùtí wà nínú rẹ̀, orúkọ panṣágà àti ti ẹlẹ́tàn wà nínú rẹ̀, ti àwa tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì déédéé pẹ̀lú. Ní Họ́lándì, ìgbéyàwó tí òfin mọ̀ ni èyí tí a ṣe níwájú aṣojú ìlú. Ti ṣọ́ọ̀ṣì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn ni, fún ẹni tí ó bá fẹ́. Òfin 2001 kò fi agbára mú àlùfáà kankan. Ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ibẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 2004 nígbà tí ìjọ mẹ́ta para pọ̀, fi í sọ́wọ́ ìjọ kọ̀ọ̀kan láti pinnu bóyá yóò súre fún irú wọn. Ìjọ Kátólíìkì kì í so wọ́n pọ̀. Ìwé ìlú ọ̀tọ̀, ìwé ìjọ ọ̀tọ̀.

Èkejì, ìlú náà kò dá ènìyàn tuntun sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé bí a bá mọ irú wọn, wọn yóò pọ̀ sí i. Bí a bá sì ṣe bí ẹni pé a kò rí wọn, wọn yóò tán. Ṣùgbọ́n wọ́n wà ní 1730 nígbà tí àgbá omi ń dúró dè wọ́n. Wọ́n wà ní 1943, wọ́n sì ń kú nítorí àwọn aládùúgbò wọn. Ní 1946 wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tí ó di COC sílẹ̀ ní Amsterdam. Ọdún 1973 ni ìjọba tó fún ẹgbẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ti wà tipẹ́tipẹ́ kí mímọ̀ tó dé.

Ẹ̀kẹta, ìlú náà sọ òtítọ́. Ó sọ pé àwọn wọ̀nyí gbé láàárín wa, a jẹ wọ́n níyà, ikú wọn sì jẹ́ àdánù tiwa. Bí a bá ka òkú wa tí a sì fo àwọn kan, irọ́ ni a pa, ẹni tí a sì ń parọ́ fún ni Ẹni tí kì í gbàgbé iye irun orí ẹnikẹ́ni.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò wí pé, “Akọ̀wé, bí ìlú bá gbé òkúta ró fún nǹkan, ǹjẹ́ kò kọ́ àwọn ọmọdé pé nǹkan náà dára ni?” Ọ̀rọ̀ ńlá ni, n kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Lóòótọ́, òkúta a máa kọ́ni. Ṣùgbọ́n kí ni òkúta yìí ń kọ́ni? Nítorí àwọn tí a fìyà jẹ ni a ṣe gbé e ró. Ó ń kọ́ ọmọdé pé ìlú kan lè ṣe ibi sí àwọn ọmọ tirẹ̀, kí ó sì gbà pé òun ṣe é. Òdòdó tí a gbé kúrò ní 1970 ń kọ́ni pẹ̀lú: ó ń kọ́ ọmọdé pé òkú kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún rẹ̀. Ìlà pupa mi náà ti kọ́ àwọn kan ní ẹ̀kọ́. Ọmọdé mélòó nínú ẹgbẹ́ akọrin ni ó rí i tí ó sì kọ́ láti pa ẹnu mọ́?

Èmi kò wí pé Amsterdam ti di Jerúsálẹ́mù tuntun. Láti 1996 ni wọ́n ti ń tukọ̀ kiri lórí omi ìlú náà lọ́dọọdún pẹ̀lú orin àti ijó fún ọ̀ràn yìí. Ó ń fa àlejò wá, àlejò a sì máa náwó, nítorí náà ọwọ́ ìlú nínú rẹ̀ kò mọ́ kúrò nínú òwò. A sì ṣì ń lu irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn ní òpópónà ibẹ̀. Òkúta ìrántí kì í ṣe apata.

Ní ilẹ̀ wa, òfin mìíràn ni ó wà. Òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 lé ẹni tí ó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀, àti ọdún 10 lé ẹni tí ó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Òkè Ọya níbí, òfin Ṣaríà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi kì í ṣe aṣòfin, ẹ̀kọ́ ìjọ wa lórí ìgbéyàwó sì wà bí ó ti wà. Ọwọ́ àwọn àgbà ìjọ ni ọ̀rọ̀ ìyẹn wà. Ṣùgbọ́n kò sí òfin ilẹ̀ wa kan tí ó ní kí akọ̀wé fi òfófó yọ orúkọ ọmọ ìjọ, kò sì sí ọ̀kan tí ó ní kí a má sunkún òkú. Àwọn baba wa wí pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi ti òsì fà á mọ́ra. Èmi ti gé ti òsì sọnù pátápátá. Nínú ìtàn aláàánú ará Samáríà, a kò sọ fún wa irú ìwà tí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà ń hù. Ará Samáríà náà kò bèèrè.

Ó sì yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ju ẹlòmíràn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a bí sí ìlú yìí, àwọn baba wa sì sùn ní itẹ́ òkú ibí. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọ wa bá lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, a ó ní kí ó padà sí ìlú baba rẹ̀ lọ gbà á, ìlú tí òun kò tíì fojú kàn rí. Èmi kò wí pé ọ̀ràn méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n kí ni àwa ń fẹ́ lọ́wọ́ onílẹ̀? A kò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fẹ́ràn oúnjẹ wa tàbí kí wọ́n gba ẹ̀sìn wa. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí wọ́n gbà pé a wà, àti pé ní ọjọ́ tí iná bá sọ, kí ilé wa wà nínú iye ilé tí a ó kà pé ó jó. Ǹjẹ́ ó yẹ kí ẹni tí ń bèèrè èyí níta wá fi du ọmọ ìyá rẹ̀ nínú ilé bí?

Mo lọ bá àlùfáà wa, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe. Ìgbìmọ̀ jókòó fún wákàtí mẹ́ta. Ohùn wọn kò ṣọ̀kan lórí ọ̀ràn náà, n kò sì rò pé yóò ṣọ̀kan láìpẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n fi ẹnu kò sí ohun kan: ìlà tí mo fà kò bá òfin ìwé náà mu. N kò họ ọ́ kúrò. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé àṣìṣe akọ̀wé ni, mo fi ọjọ́ sí i, mo sì fọwọ́ sí i, kí ẹni tí yóò gba bírò lọ́wọ́ mi lè rí ohun tí mo ṣe.

Ní ọjọ́ Ìsìn Ìrántí, ẹ gbọ́ bí mo ti ka orúkọ náà ní àyè tirẹ̀ láàárín àwọn yòókù. Àwọn kan wo ara wọn. Ìyá náà dìde bí àwọn ìyá mìíràn ti ń dìde nígbà tí a bá dárúkọ ẹni wọn, ó dúró díẹ̀, ó sì jókòó. Òun ni ó fún mi láyè láti kọ èyí, bí n kò tilẹ̀ ní dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín.

Kí Olúwa kí ó dárí jì mí, kí ó sì tọ́ ọwọ́ gbogbo àwa tí a ń kọ orúkọ ẹlòmíràn sílẹ̀. Àmín.

Èmi ni ìránṣẹ́ yín nínú Olúwa,
Akọ̀wé Ìjọ